Òkè Pátì Pòórá Lójú Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Rí Kọ́ Lọ́dọ̀ Ọmọ-Ọmọ Mi

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi nílé pé kí n wá dá yín lẹ́kọ̀ọ́ lónìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni n óò sọ, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìjọba. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ wíwa ọkọ̀ òfurufú ni mo fẹ́ sọ. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò ni?" Mo ní mo ti ń rìn ín láti ọdún méjì, n kò sì tíì kúrò nínú pálọ̀ mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ wo ojú fèrèsé yẹn. Òkè tí ẹ ń wò un ni Òkè Pátì. Èdè Núpé ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Òkè náà ni "pati" túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó sọ ọ́ ní Mount Patti, "Òkè Òkè" ni ó ń pè láìmọ̀. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500 sí ojú òkun.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Ìlọrin ni mo wà, mo ń ṣiṣẹ́ fún Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwa tí a jẹ́ ọmọ apá ibí di ẹrù wa, a kó wá sí Lọ́kọ́ja. Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ìgbà náà: kò sí ilé, kò sí ọ́fíìsì, àga pàápàá kò tó. Sátidé kejì tí mo dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. A rí igi oṣè ńlá, a rí ilé tí Lugard ń sinmi sí, lẹ́yìn náà ni mo bojú wo ìsàlẹ̀. Mo rí Odò Ọya, mo rí Odò Bẹ́núé, mo rí ibi tí wọ́n gbé pàdé, tí àwọ̀ omi méjèèjì kò tètè pò mọ́ra. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo kà ní Yunifásítì Ìlọrin, mo sì ti ya àwòrán ìpàdé odò yìí sórí pátákó fún àwọn ẹlòmíràn rí. Ọjọ́ náà ni mo tó rí i.

Láti ọdún 2017, orúnkún mi kò gbà mí láyè láti gun ibẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi ti darúgbó ju orúnkún mi lọ. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, wá fi òkè náà hàn mí lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé ènìyàn wà nínú bàálù tí ó ń fò lókè rẹ̀, ẹ lè mọ bí inú mi ti rí.

Flight simulator ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ òfurufú inú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ní ọdún 1929, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Edwin Link, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣe dùùrù, fi ẹwìrì inú dùùrù, bí irú èyí tí alágbẹ̀dẹ ń fín, ṣe àpótí kan tí ń mì tí ń yí bí bàálù, kí ènìyàn lè kọ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú láìkúrò nílẹ̀. Ohun ìgbafẹ́ ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1934, nígbà tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ń gbé lẹ́tà kiri, tí púpọ̀ nínú wọn ń kú nínú ojú ọjọ́ burúkú, ìjọba wọn sáré ra mẹ́fà nínú rẹ̀. Lóde òní, inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ bàálù èrò ti ń dán ọ̀pọ̀ pàjáwìrì wò, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí ó bá dé ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ti inú ilé ni èyí tí àwa ń lò. Microsoft gbé tirẹ̀ jáde ní 1982, X-Plane wà, FlightGear sì wà tí a kì í sanwó fún. N kò ní sọ èyí tí àwa ń lò, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá polówó ọjà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òkè tí a ń rí nínú irú wọn kì í ṣe àfinúrò. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọkọ̀ ojú sánmà Endeavour fi ọjọ́ mọ́kànlá yí ayé ká, ó ń fi rédà wọn gíga ilẹ̀ lọ, ìwọ̀n náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ya ilẹ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí. Bí Òkè Pátì ṣe ga tó níta, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ga nínú kọ̀ǹpútà.

ÀDÉHÙN

Ọmọ-ọmọ mi yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní òun fẹ́ di awakọ̀ òfurufú. Bàbá rẹ̀, ọmọ bíbí inú mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní iṣẹ́ ọmọ olówó ni. Ó ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ń sun ojú sánmà? Mo ní kí ó rántí Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, pé ilé ẹ̀kọ́ òfurufú ní Zaria, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ni òun náà ti kọ́ṣẹ́, tí ó sì padà di ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ rí dárúkọ yẹn."

Ní ìkẹyìn a dá ọjọ́. Bàbá rẹ̀ yóò wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ yóò gbé bàálù láti pápákọ̀ òfurufú Abuja wá sí orí Òkè Pátì lójú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá rí i pé eré lásán ni, yóò gba kọ̀ǹpútà náà padà, nítorí òun ni ó fi owó rẹ̀ rà á, iṣẹ́ ilé-ìwé ni ó sì torí rẹ̀ rà á. Ọmọ ní òun gbà. Èmi náà gbà, ṣùgbọ́n àyà mi ń já.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síta pé dráífà tuntun ti dé fún káàdì àwòrán, ṣé kí òun gbé e wọlé? Ọmọ tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a tan eré náà, kò sí Òkè Pátì mọ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ dà bí òkìtì iyanrìn tí òjò ti wó. Odò méjèèjì di pátákó kan ṣoṣo. Bàálù kò fò mọ́, ńṣe ni ó ń tọ kúú-kúú bí àkèré.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí dráífà jẹ́, nítorí èmi náà ti rò pé ẹni tí ń wa bàálù ni wọ́n ń sọ. Nínú kọ̀ǹpútà, káàdì àwòrán ni ó ń ya ohun tí ojú wa ń rí. Ṣùgbọ́n káàdì kò gbọ́ èdè tí eré náà ń sọ. Dráífà ni ògbufọ̀ láàárín wọn. Ní 1841 tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya, Ajayi Crowther wà nínú àwọn tí ó bá wọn wá, nítorí wọ́n mọ̀ pé láìsí ẹni tí ó gbọ́ èdè, ọba àti àlejò yóò kàn máa wo ara wọn lójú ni. Tí ẹ bá wá pààrọ̀ ògbufọ̀ lóru ńkọ́? Ẹni tuntun náà lè jáfáfá ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ kò mọ àdéhùn tí ó wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Bí tiwa ti rí nìyẹn. Dráífà tuntun náà kò burú. Ṣùgbọ́n eré náà ṣe bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà mìíràn ni òun bá ara òun, ó sì dá gbogbo ètò àwòrán tí a ti fi oṣù mẹ́ta tò padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

A kò mọ èyí nígbà náà. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá oníṣẹ́ kan láàárín ìlú. Ó tàn án, ó mi orí, ó ní káàdì ti kú, àfi kí a ra kọ̀ǹpútà tuntun, òun sì ní ọ̀kan nílẹ̀. Iye tí ó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìfẹ̀yìntì mi oṣù mẹ́rin. Mo padà sílé, mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí tí mo tọ́jú owó ìdánwò WAEC ọmọ yìí sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á. N kò ní purọ́ fún yín: mo ti kà á tán.

Ọmọ náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó yí padà láàárín àná àti òní?" Mo ní dráífà. Ó ní, "Ṣé òun nìkan?" Mo ní òun nìkan. Ó ní, "Kí ló wá dé tí a ń dá káàdì lẹ́bi?"

Ojú tì mí. Ní ọ́fíìsì, bí fáìlì kan bá dàrú, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ mi ni pé kí wọ́n ṣí i padà sẹ́yìn, kí wọ́n wo ẹni tí ó kọ nǹkan sí i gbẹ̀yìn, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sí ọ́fíìsì nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo dá owó padà sínú àpótí.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ WA

A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. A fa ilà sí i: ọjọ́, aago, ohun kan tí a yí padà, iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti ohun tí ojú wa rí. A pinnu pé ìrìn kan náà ni a óò máa rìn: ẹsẹ̀ bàtà 3,500, ọ̀sán gangan, ojú ọ̀run mímọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjú sí òkè. A sì pinnu pé a kò ní yí ohun méjì padà pọ̀, nítorí bí ó bá sàn, a kò ní mọ èyí tí ó wò ó.

Ọjọ́ kìíní, àwòrán 7 péré ni ní ìṣẹ́jú àáyá. Kí ẹ lè mọ bí ó ti kéré tó, fíìmù sinimá ń lo 24. Ọmọ kà á níbì kan pé lẹ́yìn dráífà tuntun, kọ̀ǹpútà máa ń tún àwọn iṣẹ́ kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa tàsé nígbà tí a bá kọ́kọ́ fò, nítorí náà kí a má tètè dájọ́. A fò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó di 8. Kì í ṣe ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ kejì ni a rí àbùkù ńlá. Irú kọ̀ǹpútà alágbèéká yìí ní ayàwòrán méjì: kékeré tí kì í jẹ iná, àti ńlá tí ó wà fún iṣẹ́ líle. Lẹ́yìn dráífà tuntun, kékeré ni ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Oníṣẹ́ tí ó ní káàdì ti kú kò mọ̀ pé káàdì ńlá kàn jókòó ni, kò sẹ́ni tí ó pè é síṣẹ́. A wọ Settings inú Windows, a lọ sí Display, a lọ sí Graphics, a mú orúkọ eré náà, a sì yan High performance fún un. Ó fò sókè di 19.

Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ètò kan náà, láìyí ohunkóhun padà: láàárọ̀ ó jẹ́ 24, nírọ̀lẹ́ ó jẹ́ 12. Mo ní ó ti fọwọ́ kan nǹkan. Ó ní, "Bàbá àgbà, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan." Ìwé ni ó làjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo iye tí ó kéré, ọmọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "iná ti lọ." Bátìrì ni a ń lò nígbà náà, bí kọ̀ǹpútà bá sì wà lórí bátìrì, ńṣe ni ó ń dín agbára rẹ̀ kù kí ó má baà tètè kú. Ẹ̀yin náà mọ ooru ìlú wa, tí òkè àti odò ká mọ́ inú kòtò: bí inú kọ̀ǹpútà bá gbóná jù, yóò tún fà sẹ́yìn. A fi pákó kéékèèké méjì gbé ìdí rẹ̀ sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a sì kọjú fáànù sí i. Ó dúró lórí 24.

Ọjọ́ karùn-ún ni ó wá kan ọ̀rọ̀ ètò àwòrán fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo torí rẹ̀ wá síbí. Kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe ti olówó. Kò lè ya gbogbo nǹkan dáadáa pọ̀. Ìkùukùu wà, òjìji wà, dídán omi wà, ọkọ̀ tí ń lọ lójú títì wà, jíjìnnà tí a ó ti máa rí ilẹ̀ kedere náà wà. Bí o bá fún ọ̀kan, o ní láti gbà lọ́wọ́ òmíràn. Ọmọ fẹ́ fi ìkùukùu sílẹ̀, nítorí ó lẹ́wà, ó sì fẹ́ kí ẹnu ya bàbá rẹ̀. Èmi fẹ́ dídán omi, nítorí ìpàdé odò mi. A jiyàn títí. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Kí ni iṣẹ́ awakọ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kí ó rí òkè kó tó dé ìdí rẹ̀." Mo ní ó tán.

A dín ìkùukùu kù. A pa òjìji. A yọ ọkọ̀ ojú títì. Dídán omi tí mo fẹ́ràn, a pa á. Ohun tí a rí gbà níbẹ̀ ni a fi sí bí ilẹ̀ ṣe ń hàn láti òkèèrè. Òkè Pátì dìde padà pẹ̀lú orí rẹ̀ tí ó tẹ́ bí tábìlì. Iye àwòrán fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 40, a sì fi òté lé e kí ó má kọjá 30, nítorí 30 tí kò yẹ̀ tu ojú lára ju 40 tí ń lọ tí ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹfà, ọmọ náà dá ohun kan ṣe tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ó to ètò kejì, èyí tí ó rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ sí ojú ìwé tí ó kángun sẹ́yìn, ó sì kọ àkọlé sí i: "Ti bátìrì."

ỌJỌ́ ÌDÁNWÒ

Bàbá rẹ̀ dé. Ó jókòó, ó ká apá mọ́ àyà. Láti pápákọ̀ Abuja dé Lọ́kọ́ja ní ojú sánmà tó nǹkan bí kìlómítà 145. Cessna 172 kékeré yóò lò tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ọmọ gbéra, ó gòkè, ó kọjú sí gúúsù. Fún ìdajì wákàtí, ọmọ mi kò sọ ju "hẹ̀n-ẹ́n" lọ.

Nígbà náà ni iná lọ.

Mo wo ọmọ-ọmọ mi. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó dá bàálù dúró lójú kan, ó ṣí ìwé sí ẹ̀yìn, ó yí ètò mẹ́ta padà bí ó ti kọ ọ́, ó ka iye àwòrán, ó kọ aago sílẹ̀, ó sì ń bá ìrìn àjò lọ. Kò lò tó ìṣẹ́jú méjì. Àwòrán náà ṣú díẹ̀, igi kò hàn mọ́, ṣùgbọ́n òkè náà yọ ní iwájú, odò méjèèjì sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan ní apá òsì.

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ gbà. Ìwé ni ó gbà. Ó ṣí i láti ojú ìwé kìíní, ó kà á nínú òkùnkùn pẹ̀lú iná fóònù rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó gbójú sókè. Ó ní, "Kí ni ilé-ìwé Zaria yẹn ń béèrè?" Ọmọ ní, "Ìṣirò, Físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe pàtàkì jù, sà." Ó ní, "Kí ni o gbà nínú Físíìsì ní táàmù tó kọjá?" Ọmọ tẹ orí ba.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò tíì gbà o. N kò fẹ́ sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì wà nílé, olùkọ́ Físíìsì sì ń wá ní ọjọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ ni ó ń san owó rẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÚ LỌ SÍLÉ

Èkíní, ẹ kọ ohun tí ó wà nílẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gba tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ gbé dráífà tuntun wọlé, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ètò yín. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní nǹkan pàtàkì láti ṣe. Bí ó bá sì kọ̀ pátápátá, ààyè wà nínú Device Manager tí ẹ lè fi pe dráífà àtijọ́ padà, Roll Back Driver ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Èkejì, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ pé ẹni tí ó bá lo egbòogi mẹ́ta pọ̀ kì í mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gba ohun kan gbọ́ nítorí pé ó dán. Lórí òkè yìí, wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí, tí ó wo odò, tí ó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ìtàn tí ó dùn ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti London, ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1897, ni ó ti gbé orúkọ náà jáde, ọdún márùn-ún gbáko kí ó tó di ìyàwó Lugard. Oníṣẹ́ tí ó ní káàdì wa ti kú náà sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ máa béèrè pé, "Kí ni ó yí padà?"

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó jù lọ: ẹ mọ ohun tí ẹ kò lè fi sílẹ̀. Owó ilé wa kò tó gbogbo nǹkan, owó ẹgbẹ́ wa kò tó, agbára wa náà kò tó. Nígbà tí nǹkan bá yí padà lójijì, tí a sì ní láti gé nǹkan kù, ẹ jẹ́ kí a gé ìkùukùu, kí a gé òjìji, kí a má gé òkè. Ní ilé mi, díẹ̀ ló kù kí n fi owó ìdánwò ọmọ ra ohun tí kò bàjẹ́. Ọmọ náà ni òkè. Mo dúpẹ́ pé ó bi mí ní ìbéèrè kí n tó jáde nílé.

 Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Òkè Pátì láti òkè láìgun ún, kí ó yà sílé mi. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá iná wà.